Ojú Òsì Ìyá Àbẹ̀ẹ́bí

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún Ìyá Àbẹ̀ẹ́bí, mo bá wọn lórí àpótí lẹ́yìnkùlé, wọ́n kọjú sí ìlà oòrùn, wọ́n ń gbàdúrà. Mo dúró kí wọ́n parí, torí a kì í já lu àgbà lórí àdúrà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró, mo fetí sílẹ̀. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí ń jáde lẹ́nu wọn. Mo mọ ibi tí wọ́n máa ti mí, mo mọ ọ̀rọ̀ tó kàn kí wọ́n tó sọ ọ́.

“Olùkọ̀wé, ìwọ tí o fi ìka kọ ayé kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo dúró lẹ́nu afárá, ọwọ́ mi ṣófo. Gba ojú òsì mi, fún mi ní ìwé. Ojú kan tó fún mi láti wá oúnjẹ, ojú kan tó fún mi láti mọ ọ̀nà. Èyí tó kù, tìrẹ ni. Gbà á, kí o sì ṣí ìwé mi.”

Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò kọ ọ́ fún Ìyá Àbẹ̀ẹ́bí, mi ò sì kọ ọ́ fún alààyè kankan.

Wọ́n ṣe àmín, wọ́n yíjú sí mi. Díẹ̀ ló kù kí àwo ẹ̀kọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ojú òsì wọn pọ́n bí ẹyìn tó já sílẹ̀, omi ń dà lára rẹ̀, ẹyinjú náà sì rí bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì.

“Ìyá! Ojú yín!”

“Ó ti ń lọ,” ni wọ́n wí, bí ẹni ń sọ pé òjò ti ń dá. “Láti Ọjọ́bọ̀ ni. Ó ń ta mí títí wọ inú orí. Má wulẹ̀ pariwo, Bímpé. Èmi ni mo fi í sílẹ̀.”

“Ẹ fi í sílẹ̀ fún ta ni?”

“O ò gbọ́ àdúrà ni?” Wọ́n fa bébà kan yọ nínú ìró wọn, wọ́n tú u, ó ti gbó ní ibi tí wọ́n ń ká a sí. “Ṣé kì í ṣe èyí tí o kọ fún mi?”

Ìyá Àbẹ̀ẹ́bí kì í ṣe ìyá tó bí mi. Ilé wọn ló kángun sí tiwa ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ wọn wà ní Wàrí, èmi ni mò ń bá wọn pọnmi, tí mò ń bá wọn ka lẹ́tà. Láyé ọjọ́un, nígbà tí bàbá bàbá mi jẹ́ kátíkíìsì ìjọ wa, ẹni tó bá fẹ́ ṣèrìbọmi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró níwájú àwọn àgbà ìjọ kí ó ka ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n bá ṣí fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyá dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá bàbá mi pa Bíbélì dé, tí wọ́n ní, “Àbẹ̀ẹ́bí, ó di ọdún tó ń bọ̀.” Láti ìgbà náà, bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ni Ìyá ń jókòó sí. Kátíkíìsì tó wà níbẹ̀ báyìí ti sọ fún wọn pé òfin yẹn ti kọjá, kí wọ́n wá gba omi. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, “Ṣé omi àánú ni? Bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe gbà á ni èmi náà fẹ́ gbà á.”

Bàbá bàbá mi yìí náà ló kọ́ èmi ní ìwé nínú ilé, nítorí ẹsẹ̀ mi ọ̀tún kò gbé mi dé ilé-ìwé nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó wá dà bíi pé gbèsè kan wà nílẹ̀. Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún 1981, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Ìyá ní A, B, D. Wọ́n á mọ̀ ọ́n lónìí, á fò lọ lọ́la. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní kí n kọ àdúrà òye fún àwọn lórí bébà, àwọn á máa fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo ní mà á kọ ọ́. Mi ò kọ ọ́. Ohun mìíràn ni mò ń kọ nígbà náà.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Monica, nọ́ọ̀sì ní ọsibítù Ọ̀wọ̀, àti Ignatius, ọmọ Ìfọ̀n tó ń kàwé ní Pólì, àwa mẹ́ta la jọ dá ilẹ̀ kan sínú ìwé àjákọ. Ilẹ̀ Olódi ni a pè é. Kò sí níbì kankan. Ilẹ̀ àtijọ́ ni, ìlú mẹ́ta tí odi òkúta yí ká. Ignatius ló kó ẹṣin àti ẹ̀wù irin wọ ibẹ̀, èmi ni mo fi iyùn sọ́rùn àwọn ọba wọn bí ti ààfin Ọ̀wọ̀, Monica ló kọ́ ilé àwọn aláìsàn fún wọn. Kálukú ló ni ìlú tirẹ̀. Ìwé náà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ohun tí ẹnì kan bá sì fi báírò kọ, ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ pa á rẹ́.

Ìlú Ignatius ń jẹ́ Odi Gíga, ibẹ̀ ni tẹ́ńpìlì wà. Òun ló ṣòfin pé Olùkọ̀wé ni ọlọ́run ilẹ̀ náà, pé àwọn àlùfáà rẹ̀ nìkan ló ń kàwé, àti pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀wé kà yóò fi ojú òsì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì. Olójú kan ni gbogbo wọn níbẹ̀. Òfin náà dẹ́rù bà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹ̀rù rẹ̀ sì dùn. Mo wá dá obìnrin kan sí ìlú tèmi, ẹni tó ń ṣọ́ afárá, tí ó sì ń wù ú láti mọ ohun tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ibi iṣẹ́ rẹ̀. Mo kọ àdúrà sí i lẹ́nu. Mo dà á kọ dáadáa sórí bébà lọ́tọ̀, mo ya àmì Olùkọ̀wé sókè rẹ̀, igi kan tó na apá méjì, mo sì fi í pamọ́ sínú ìwé orin bàbá bàbá mi.

Ìyá wá sílé wa lọ́jọ́ kan tí mi ò sí nílé. Wọ́n ṣí ìwé orin tó wà lórí tábìlì, wọ́n sì mú bébà náà lọ. Ẹni tí kò mọ̀wé, tó ti tọrọ àdúrà, tó wá rí igi tó na apá méjì lórí bébà nínú ìwé orin, kí ni kó rò?

“Ta ló kà á fún yín, Ìyá?” ni mo bi wọ́n.

“Àbúdùlàhí ni. Ojú ń tì mí láti bá ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta níwájú bàbá bàbá rẹ, kí n tún wá máa kólòlò níwájú ìwọ náà?”

Mo sọdá sí ṣọ́ọ̀bù Àbúdùlàhí. Télọ̀ ni, Mùsùlùmí ni, ó sì mọ Yorùbá kà bí omi. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì nígbà tó rí bí mo ṣe ń bọ̀.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, àdúrà tí ẹ kà fún Ìyá Àbẹ̀ẹ́bí…”

“Háà, àdúrà yín yẹn!” Ó rẹ́rìn-ín. “Ó le o! Mo ti máa ń rò pé ẹ̀yin onígbàgbọ́ kàn ń kọrin ni. Àṣé ojú lẹ fi ń jẹ́jẹ̀ẹ́! Mo bi Ìyá pé ṣé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní kí n yéé ṣe àríyànjiyàn, kí n kà á. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ìlà kan, ìlà kan, tí wọ́n ń fi ìka tọ̀ ọ́.”

“Kì í ṣe àdúrà wa.”

“Ti ta ni?”

Mo wo ilẹ̀. “Ìtàn ni. Èmi ni mo kọ ọ́. Ọlọ́run inú rẹ̀, kò… kò sí i.”

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó bojú wo ẹ̀yìn bí ẹni pé ẹnì kan dúró síbẹ̀. “Bímpé. Ẹnu tí mo fi ń kírun yìí?” Ó na ọwọ́ sí kẹ́tù àlùwàlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ó fi omi ṣan ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, ó tutọ́ síta. “Tètè lọ sọ fún ìyá yẹn. Kó tó di pé ojú kejì náà tẹ̀lé e.”

Mi ò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo dé ẹnu ọ̀nà wọn lẹ́ẹ̀mejì, mo padà. Àdúrà tèmi alára kò wọ̀ mọ́. Bí mo bá ti ní “Baba wa”, ìka kan tó ń kọ ayé ni mo ń rí, mi ò sì mọ ìka ta ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Monica wá kí ìyá rẹ̀ nílé. Mo fà á lọ́wọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ Ìyá Àbẹ̀ẹ́bí. Ó tẹ̀ ba, ó la ìpéǹpéjú náà sókè, ó rọra fi ìka tẹ̀ ẹ́, Ìyá sì mí kanlẹ̀. Nígbà tí Monica dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

“Ìyá, ẹ̀ ń bọ̀ lọ́sibítù lọ́jọ́bọ̀. Dókítà ojú ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ọjọ́ kan péré ló ń lò. Tó bá lọ, ó di oṣù mẹ́ta. Ojú yìí kò ní dúró dè é fún oṣù mẹ́ta. Yóò kú.”

“Jẹ́ kó kú,” ni Ìyá wí. “Nǹkan tí mo ti fún ẹlòmíràn, ta ni mo jẹ́ tí màá tún gbé e fún dókítà?”

Monica kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi mọ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, mo sọ gbogbo rẹ̀: ìwé àjákọ, odi, ẹṣin, obìnrin ẹnu afárá, bébà inú ìwé orin. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni Monica ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá wò mí, wọ́n wo Monica. Adìẹ kan kọjá láàárín wa.

“Ẹ̀yin mẹ́ta,” ni wọ́n wí, “lẹ jókòó tí ẹ dá ìlú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Ẹ dá ọba síbẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ wá wò ó, ẹ ní kò tíì tó, ẹ tún dá ọlọ́run?” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń mi gbogbo ara, títí ojú fi ta wọ́n tí wọ́n fi dákẹ́. “Ẹ láyà o. Ẹ̀rù ò bà yín?”

“Ẹ̀rù ń bà mí báyìí, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹni tó gba ojú yín. Àìsàn ni. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Wọ́n mi orí. “Ìwọ lo kọ ọ́, ẹnu tèmi ló sọ ọ́. Ẹ̀jẹ́ kì í wo ọwọ́ tó kọ ọ́. Bí ọmọdé bá fi eré so okùn mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ṣé eré ni yóò tú u? Ẹni tó ta kókó ni yóò tú u. Lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Kí ẹ̀yin tí ẹ ni ìlú tú mi sílẹ̀ nínú ìwé kan náà tí ẹ fi dè mí. Kí n fi ojú mi rí i. Ìgbà náà ni mo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lè bá yín débẹ̀.”

“Mo tú yín sílẹ̀,” ni Monica wí kíákíá. “Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo tú yín sílẹ̀.”

“O ṣeun. Ó ku méjì.”

Èmi náà tú wọn sílẹ̀. Ó wá ku Ignatius. Ọwọ́ rẹ̀ sì ni ìwé wà lọ́sẹ̀ náà.

Àárọ̀ ọjọ́rú, mo wọ ọkọ̀ tó ń kó àwọn èèyàn lọ sí Ọ̀wọ̀. Mo jókòó sáàárín àpò gààrí méjì, mò ń tún ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sọ nínú ọkàn mi. Mi ò tíì bá Ignatius jiyàn rí. Bí a bá pàdé, òun àti Monica ló ń sọ̀rọ̀, èmi á máa gbọ́.

Ó ń se ẹ̀wà lórí sítóòfù nínú yàrá rẹ̀ nígbà tí mo dé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi títí dé òpin láìwo ìkòkò. Ẹ̀wà ti ń jóná.

“O gbé bébà náà síta,” ni ó wí.

“Mi ò gbé e síta, wọ́n rí i ni.”

“Ọ̀kan náà ni. Èèyàn kan ń kúnlẹ̀ láràárọ̀, ó ń ké pe ohun tí mo dá láti fi ṣeré.” Ó pa sítóòfù. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á, ó sì yà mí lẹ́nu, torí Ignatius kì í bẹ̀rù nǹkan. Ó ti fi ọdún méjì kọ́ iṣẹ́ fáda kí ó tó fi í sílẹ̀. “Ohun tí o fẹ́ kí n ṣe yìí, ṣé o ti rò ó? Bí mo bá kọ ọ́ pé Olùkọ̀wé tú u sílẹ̀, mo ti gbà nìyẹn pé ó gbọ́ àdúrà rẹ̀. Mo ti gbà pé ó wà. Lọ sọ fún ìyá yẹn pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.”

“Mo ti sọ ọ́.”

“Tún un sọ.”

“Ọ̀la ni dókítà ń bọ̀, Bọ̀dá Ignatius.”

“Nítorí náà, kí òfin yí padà nítorí pé ọkọ̀ dókítà ti ń bọ̀? Ọdún kan ni mo fi kọ́ tẹ́ńpìlì yẹn. Ojú tí wọ́n fi sílẹ̀ ló mú kí ìwé níyì ní Odi Gíga. Bí ẹnì kan bá lè gba tirẹ̀ padà lọ́fẹ̀ẹ́, aṣiwèrè ni gbogbo àwọn tó kù nìyẹn.”

Mo ní láti sọ̀rọ̀. “Bí kò bá sí ẹnì kankan níbẹ̀,” mo wí, “kí ni ẹ wá ń ṣọ́?”

Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Lẹ́yìn náà ó fa ìwé àjákọ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó jókòó, ó kọ ìlà méjì, ó pa á dé, ó sì gbé e fún mi.

“Mà á wá gbà á lọ́jọ́ Sátidé,” ni ó wí. “Kí ó má ṣe já sí ọwọ́ ẹlòmíràn mọ́.”

Mo ti jókòó sínú ọkọ̀ kí n tó ṣí i. Ìlà àkọ́kọ́ dára: *A tú obìnrin ẹnu afárá sílẹ̀, ojú òsì rẹ̀ ti di tirẹ̀ padà.* Ìlà kejì ni: *Ẹni tó bá gba ojú rẹ̀ yóò dá ìwé padà, kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan lẹ́tà mọ́ títí ọjọ́ ikú.*

Mo pa á dé. Mo tún ṣí i. Mo ronú pé kò le rárá: màá ka ìlà kan, màá fi èkejì sílẹ̀. Ta ni yóò mọ̀? Ìyá kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó ni mo rí i pé ohun tí àwọn olójú kan Odi Gíga ń ṣe gan-an nìyẹn, kí àwọn máa ka ohun tó bá wù wọ́n fún ẹni tí kò lè yẹ̀ ẹ́ wò. Tí mo bá sì kà á délẹ̀ ńkọ́? Ìyá kò ní dá ìwé padà láéláé. Wọ́n á fi ojú náà sílẹ̀. Láti ìkòríta Ọ̀wọ̀ títí dé ilé, mi ò mọ èyí tí màá ṣe.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí mo dé. Ìyá wà lórí àpótí wọn, wọ́n fi aṣọ tútù bo ojú náà, Monica sì jókòó tì wọ́n. Ó ti gba àyè níbi iṣẹ́ kí ó lè mú wọn lọ.

“Ó ṣe é?” ni Ìyá bi mí.

“Ó ṣe é, Ìyá.”

“Kà á.”

Mo ka ìlà àkọ́kọ́. Monica pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ pa ìwé dé, ṣùgbọ́n Ìyá ti na ọwọ́, wọ́n ti gbé ìka lé orí ojú ewé. Wọ́n sún ojú ọ̀tún mọ́ ọn títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bébà.

“Ìlà kejì ńkọ́?”

“Ìyá…”

“Bímpé, ìka mi wà lórí ‘ìwé’.”

Mo wò ó. Lóòótọ́, “ìwé” ni ìka wọn wà lé lórí. Wọ́n gbé e kúrò, wọ́n sún un lọ sẹ́yìn, wọ́n gbé e lé “ojú”. Wọ́n ní, “Ojú.” Wọ́n tún gbé e lé ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ní, “Gba.” Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí Àbúdùlàhí fi ń kà á ní ìlà kan, ìlà kan, tí wọ́n ń fi ìka tọ̀ ọ́, wọn kò kàn fi orí gba ọ̀rọ̀ náà. Ojú wọn ti mọ̀ wọ́n. A, B, D tí mo fi ń yọ wọ́n lẹ́nu kò wọlé, àdúrà ẹnu afárá ló wọlé.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Kò dùn.

“Ó ní ‘gba’, ó ní ‘ojú’, ó ní ‘ìwé’,” ni Ìyá wí jẹ́jẹ́. “Àwọn tó kù ni mi ò mọ̀. Kí ni ó ní kí n fi ìwé ṣe?”

Mo kà á délẹ̀. Ohùn mi kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Monica bínú dìde. “Ignatius yìí! Ìyá, ẹ má dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ rírùn ni…”

“Dákẹ́ ná, ọmọ mi.” Ìyá gbé orí sókè. Wọn kò bínú. Ohun tí mo rí lójú wọn burú ju ìbínú lọ, bí ìgbà tí èèyàn bá pàdé ojúlùmọ̀ tí kò fẹ́ràn. “Ọkùnrin yìí, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ó di ọdún tó ń bọ̀, Àbẹ̀ẹ́bí. Ó máa ń ní nǹkan kan tí wàá kọ́kọ́ fi sílẹ̀.”

Wọ́n na ọwọ́ sí mi.

“Fún mi ní nǹkan tí o fi ń kọ̀wé.”

“Ìyá, àwa mẹ́ta nìkan ló ń kọ ọ́…” Mo ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀.

“Èmi ńkọ́? Ṣé èmi kọ́ ni mo ń fi ojú gbé ìlú náà?”

Mo fún wọn ní báírò. Wọ́n tẹ́ bébà àdúrà sórí itan kan, ìwé àjákọ sórí èkejì. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ kan nínú àdúrà náà, wọ́n wò ó títí, wọ́n dà á kọ. Báírò náà ń lu bébà jáde. Wọ́n tún wá òmíràn. Omi ń dà lójú òsì wọn sórí ọwọ́, wọ́n ń nù ún sí ìró, wọ́n ń bá a lọ. Monica fẹ́ bá wọn di ọwọ́ mú, wọ́n lù ú lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, òkùnkùn ti ń kùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni, lábẹ́ ìlà méjì Ignatius, wọ́n wọ́ bí ọgbà tí ewúrẹ́ ti wó: *ojú mi ìwé mi*.

“Òun kọ tirẹ̀,” ni wọ́n wí, “èmi náà kọ tèmi. Aago mélòó ni dókítà yín ń dé?”

A dé ọsibítù kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọgọ́ta èèyàn ló ti wà lórí ìlà. Dókítà náà fi iná wo ojú náà, ó wọn ín, ó tún wò ó. Ó ní omi ti pọ̀ jù nínú ẹyinjú, ó ń tẹ ohun tí èèyàn fi ń ríran pa. Ó ní èyí tó ti kú kò lè jí mọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí èyí tó kù dúró.

“Kí ni èyí tó kù lè ṣe?” ni Ìyá bi í.

“Ìmọ́lẹ̀, Mámà. Ẹ ó mọ̀ bí ẹnì kan bá ń bọ̀. Kò dá mi lójú ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Ọ̀tún ńkọ́? Ṣé ó tó ka ìwé?”

“Ọ̀tún dára. Ẹ ṣáà máa kán oògùn sí i.”

Wọ́n ṣe é lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ní Sátidé, mo wà lórí bẹ́ńṣì níta wọ́ọ̀dù, ìwé àjákọ wà lẹ́sẹ̀ mi, nígbà tí mo rí Ignatius tó ń bọ̀ láti ẹnu géètì. Ó ti lọ sí ilé wa, wọ́n júwe ibí fún un. Kò kí mi dáadáa. Ó gba ìwé, ó ṣí i síbi tí ó kọ̀wé sí, ó sì dúró lójú kan.

“Ta ló kọ èyí?”

“Ìyá ni.”

“O ní wọn kò mọ̀wé.”

“Wọn kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.”

Mo retí kí ó fa ewé náà ya. Ó fi ìka wọ́ àwọn lẹ́tà náà láti ẹ̀yìn bébà, níbi tí báírò ti yọ síta. Lẹ́yìn náà ó wọ inú wọ́ọ̀dù, mo tẹ̀lé e. Ìyá wà ní bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí fèrèsé, òwú funfun ńlá ti bo ojú òsì. Ignatius dọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ǹtì láàárín àwọn aláìsàn, ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá fi ojú kan wò ó. “Ìwọ lo ni òfin?”

“Èmi ni, Ìyá.”

“Dìde. Símẹ́ǹtì yẹn tutù.” Wọ́n ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. “Orí ń fọ́ mi, wọ́n ní kí n má ṣe tẹjú mọ́ nǹkan títí di ọjọ́ Ajé tí wọ́n máa tú òwú yìí. Mi ò sì mọ̀ bóyá ohun tí mo kọ ṣeé kà. Bá mi kà á.”

Ignatius ṣí ìwé náà. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ti gbé orí sókè, ó ń tẹ́tí.

“Ojú mi,” ni Ignatius wí. “Ìwé mi.”

“Ó ṣeé kà?”

“Ó ṣeé kà, Ìyá.”

Wọ́n yí orí sí ògiri. Ìpéǹpéjú ọ̀tún wọn ń gbọ̀n, mi ò sì mọ̀ bóyá oorun ni wọ́n ń wá tàbí ìrora ló dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye wákàtí tó kù kí ọjọ́ Ajé tó mọ́.